Nígbà tí Ẹmu Di Ebi: Ọ̀rọ̀ Àdásọ Nínú Kíláàsì àti Lórí Fóònù ní Kàbà

Àwọn méjìlá ló ń kọ́ èdè Faransé lọ́wọ́ mi ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ní ọdún 2023, nínú pálọ̀ kan tí mo háyà, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú àti àárọ̀ Sátidé. Ẹni tó bá fẹ́ ló ń wá. Pásítọ̀ kan wà láàárín wọn tí ìjọ rẹ̀ fẹ́ rán lọ sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ìyá Ìbejì wà níbẹ̀, tí àbúrò rẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ Québec ní Kánádà. Ọmọbìnrin kan láti Ògìdì ń múra àtilọ sí abúlé èdè Faransé tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Bàdágírì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè náà ti ń lọ gbé kí wọ́n lè máa sọ ọ́ tọ̀sán-tòru. Télọ̀ kan wà, ọmọkùnrin kan láti Búnú wà, àti àwọn mìíràn. Nítorí ọmọ Búnú yìí ni mo ṣe ń kọ ìtàn yìí sílẹ̀, nítorí èmi náà ṣẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ àdásọ ni ohun tí mo ń bá wọn ṣe: kí ènìyàn dìde, kí ó fi ìṣẹ́jú méjì sọ̀rọ̀ lórí ohun kan, láìsí ẹni tó ń dá a lọ́nà. Ìdánwò DELF, èyí tí wọ́n fi ń wọn bí ènìyàn ṣe gbọ́ èdè Faransé tó, ní irú rẹ̀. Ní ìpele A2, tó jẹ́ ìkejì láti ìsàlẹ̀, apá ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ: olùdánniwò yóò bi ọ́ nípa ara rẹ, yóò ní kí o dá sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀yin méjèèjì yóò jọ ṣe bí ẹni ń rajà tàbí bí ẹni ń ṣètò ìpàdé. Máàkì 25 nínú 100 ló wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá gba tó 5 nínú 25 yẹn ti fìdí rẹmi, ì báà mọ̀wé kọ bíi kí ni. Ìdí nìyí tí n kò fi lè sọ fún ẹni tí ojú ń tì pé kó jókòó sílẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún, ọmọ Búnú dìde sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Adẹ́mu ni bàbá náà. Ẹmu ọ̀pẹ ni àwọn Faransé ń pè ní "vin de palme". Ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ kékeré yìí, "vin", ń ṣe fún ẹnu wa. Ìró imú tó wà níparí rẹ̀ kò dà wá láàmú rárá. Òun ni a ń pè nínú "ìyẹn". Ìró tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kò sí nínú èdè wa, nítorí náà ẹnu a sá lọ sí "f". Bí "vin" bá sì ti di "fin", etí Faransé yóò gbọ́ "faim", ìyẹn ebi. Báyìí ni ọmọkùnrin yìí ṣe dúró tí ó ń fi gbogbo ọkàn sọ fún wa pé bàbá òun máa ń gun ọ̀pẹ láàárọ̀ kùtù lọ gbé ebi, pé ebi bàbá òun dùn, pé àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá ra ebi.

Ẹ̀rín bú. Ọmọ Ògìdì ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò pẹ́ tí gbogbo pálọ̀ fi mọ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ó rí i. Ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó jókòó, kò sì la ẹnu rẹ̀ mọ́ ní ìjókòó mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, àfi "oui" àti "non", bẹ́ẹ̀ ni àti rárá.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí Ààrẹ tuntun fi kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó mọ́tò láti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ àti láti Ìyàrá wọ Kàbà kúrò ní ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè máa san lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àwọn márùn-ún ní àwọn kò ní lè máa wá mọ́. Mo gbé kíláàsì lọ sórí Zoom, ìpàdé orí fídíò tí kálukú ń fi fóònù rẹ̀ wọ̀, fún oṣù Kẹfà àti apá kan oṣù Keje. Nítorí pé ọ̀fẹ́ la ń lò, ogójì ìṣẹ́jú ni ìpàdé kan ń pẹ́ kó tó já, nítorí náà ẹni mẹ́ta péré ló lè sọ ọ̀rọ̀ àdásọ ní ìjókòó kan, kí a tó rí àyè sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Kí n sọ òtítọ́, inú mi dùn sí i. Ohun tí mo ti kà nípa ẹ̀rù àwọn tó ń kọ́ èdè ló wà lọ́kàn mi. Ní ọdún 1986, Elaine Horwitz àti àwọn méjì mìíràn tẹ ìwádìí kan jáde nínú The Modern Language Journal, wọ́n sì ṣe ìwé ìbéèrè kan tó ní gbólóhùn 33 láti fi wọn ẹ̀rù yìí. Wọ́n so ó mọ́ nǹkan mẹ́ta: ẹ̀rù ọ̀rọ̀ bíbá ènìyàn sọ, ẹ̀rù ìdánwò, àti ẹ̀rù ohun tí àwọn ẹlòmíràn yóò sọ nípa ẹni. Mo rò ó pé bí ó bá jẹ́ ojú ènìyàn ló ń bani lẹ́rù, a ti mú ojú ènìyàn kúrò báyìí. Ẹni tí ojú ń tì yóò lè sọ̀rọ̀ láti inú yàrá rẹ̀. Àwọn onígboyà ní tiwọn, níbikíbi tí a bá gbé wọn sí, wọn yóò sọ.

Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ já mi kúlẹ̀.

Nínú kíláàsì, kò sí ẹni tó dà bíi rẹ̀. Gírámà rẹ̀ kò dúró dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó bá dìde, a ó gbàgbé gírámà. Ó lè sọ gbólóhùn mẹ́rin tí mẹ́ta nínú wọn wọ́, síbẹ̀ kí gbogbo wa mọ ohun tó ń sọ, nítorí pé ó ń fi ọwọ́ sọ ọ́, ó ń fi ojú sọ ọ́, bí a bá sì mi orí, yóò tún tẹ̀ síwájú. Lórí Zoom, ó mú ọ̀rọ̀ Titcombe, òyìnbó míṣọ́nnárì tó dé ilẹ̀ Yàgbà ní 1908. Mo ti pàṣẹ pé kí kálukú pa máìkì rẹ̀ kí ariwo jẹnẹrétọ̀ má baà wọlé. Nítorí dátà, ọ̀pọ̀ ti pa kámẹ́rà pẹ̀lú. Ohun tó wà níwájú Pásítọ̀ ni àpótí dúdú mọ́kànlá tí orúkọ wà lára wọn.

Ó ní "Bonsoir tout le monde", ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo yín. Ó dúró. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ gbólóhùn méjì, ó ní, "Ẹ ń gbọ́ mi?" Mo ní a ń gbọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Màdáámù, ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára?" Mo ní ó dára. Nígbà tó dé orí ọdún náà, "mille neuf cent", ẹnu rẹ̀ wọlé, kò sì rí "huit" tó kù. Ẹni tó ń wàásù fún wákàtí kan láìwo ìwé! Ó tẹ̀ mí láago lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Màdáámù, ẹ má bínú sí mi. Ó dà bí ẹni pé mò ń wàásù ní itẹ́ òkú."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn bọ̀rọ̀. Ní ilẹ̀ wa níbí, ìkíni pàápàá kì í dá dúró. O ní "Òkun o", ẹnìkejì ní láti dá a padà kí ọ̀rọ̀ tó lè bẹ̀rẹ̀. Àlọ́ kò lè lọ bí kò bá sí ẹni tó ń gbè é. Ẹni tó ń rojọ́ níwájú àgbà ń gbọ́ "ẹ̀n-ẹ́n" bí ó ti ń lọ, "ẹ̀n-ẹ́n" yẹn ló sì fi ń mọ̀ pé òun ṣì wà lójú ọ̀nà. Mo ti fi ọwọ́ ara mi pa gbogbo ìyẹn, mo ní nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀ ni.

Ìyá Ìbejì ló tún yà mí lẹ́nu jù. Ohùn rẹ̀ kéré, kì í fẹ́ dìde nínú kíláàsì, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé fóònù yóò tú u sílẹ̀. Ìyá ìyá rẹ̀ ló fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, títí a kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́, lẹ́yìn náà ni fóònù pa. Mo rò pé dátà ló tán. Nígbà tí mo bá a lọ́jà lọ́jọ́ kejì, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Pálọ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀, nítorí àwọn ìbejì ń sùn ní yàrá. Ìyá ọkọ rẹ̀ sì jókòó sí pálọ̀ ọ̀hún. Lójú ìyá náà, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń bá fóònù sọ èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nínú ilé, ohun kan ṣoṣo tó sì yé e níbẹ̀ ni "maman", tó ń jáde léraléra. Ó bi í pé, "Kí lò ń sọ nípa mi fún wọn?"

"Màdáámù," Ìyá Ìbejì wí, "ní kíláàsì, ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń gbọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ yìí ló yí ìrònú mi padà. Mo ti ń wo ilé bí ibi ìkọ̀kọ̀, nítorí pé ohun tí mo kà ń sọ nípa akẹ́kọ̀ọ́ tó ní yàrá tirẹ̀ àti ilẹ̀kùn tó lè tì. Nínú ilé tí ìyàwó ilé wà, tí ìyá ọkọ wà, tí àwọn ọmọ wà, ilé ni ibi tí ojú pọ̀ sí jù. Pálọ̀ mi tí a fi owó háyà, tí àwọn mọ́kànlá tí kò bá a tan jókòó sí, ibẹ̀ ni ibi ìkọ̀kọ̀ rẹ̀.

Ti télọ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Gbogbo ìgbà tó fi ń sọ̀rọ̀ ló ń tún fìlà ṣe. Àwòrán ara rẹ̀ ló ń wò. Jeremy Bailenson ní Yunifásítì Stanford kọ̀wé ní 2021 nípa ìdí tí ìpàdé orí fídíò fi ń rẹni, rírí ojú ara ẹni láìdáwọ́dúró sì wà lára ìdí mẹ́rin tó kà sílẹ̀. Mo fi bí a ṣe ń gbé àwòrán ara ẹni pamọ́ lórí Zoom han télọ̀, ó gbé e pamọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì kúrò lórí fìlà.

Ọmọ Ògìdì ṣe dáadáa ju gbogbo wọn lọ lórí fóònù. Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye ló sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ayàwòrán àti aláṣọ àdìrẹ tí wọ́n bí ní 1951, ọmọ ìlú rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì gééré, kò kọsẹ̀ rárá. Mo yìn ín gan-an. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo ní kó tún un sọ láìjẹ́ pé ó múra, ó sì dákẹ́ lórí gbólóhùn kejì. Ó jẹ́wọ́ fún mi fúnra rẹ̀, n kò fipá mú un: ó ti lẹ ìwé mọ́ ògiri lẹ́yìn fóònù. N kò bá a wí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ fún mi pé orí fóònù rọ òun lọ́rùn, mo máa ń béèrè lọ́kàn mi bóyá ọ̀rọ̀ sísọ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni tàbí ìwé kíkà. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ìwé kíkà yóò gbé e já fún ọjọ́ kan. Ní Bàdágírì, kò sí ògiri tí yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ bí ó bá fẹ́ ra búrẹ́dì.

Nígbà tí a padà sí pálọ̀ fún ìjókòó kan ní àárín oṣù Keje, mo bi wọ́n pé èwo ni wọ́n fẹ́ràn, kí wọ́n nawọ́. Mẹ́wàá nawọ́ fún kíláàsì. Mo ti fẹ́ gbà á bẹ́ẹ̀. Ọmọ Búnú náà nawọ́ fún kíláàsì, èyí ló sì jẹ́ kí n fura, nítorí mo mọ ohun tí kíláàsì ti ṣe fún un. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo kọ ìbéèrè kan náà sí kálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí WhatsApp. Ìdáhùn yí padà: mẹ́fà péré ló dúró lórí kíláàsì, àwọn yòókù ní fóònù ni. Ibi tí mo ti béèrè ló ń pinnu ohun tí wọ́n ń dáhùn. Níwájú olùkọ́, ta ni yóò sọ pé òun kò fẹ́ràn kíláàsì rẹ̀? Àwọn tó bá fẹ́ ṣe irú ìwádìí yìí láàárín àwọn ọmọ Yorùbá, mo bẹ̀ yín, ẹ má ní kí wọ́n nawọ́.

Èsì ọmọ Búnú gùn ju ti gbogbo wọn lọ. Ó ní láti ọjọ́ tí a ti rẹ́rìn-ín òun, òun ti ń gba ohùn ara òun sílẹ̀ sórí fóònù, òun ń gbọ́ ọ, òun ń pa á rẹ́, òun tún ń gbà á. Ó fi eyín òkè lé ètè ìsàlẹ̀ níwájú dígí títí ètè náà fi dun ún. Lórí fóònù, ó ní, bí òun bá ṣì í, òun nìkan lòun gbọ́. Ó wá fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi. "Vin." Ó mọ́ kedere. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí nítorí ẹ̀rín oṣù Karùn-ún. Ó ní, "Kò sí wàhálà, Màdáámù." Mo mọ̀ pé wàhálà ti wà.

Èmi náà wá jókòó, mo yí bí a ṣe ń ṣe é padà. N kò tún bi wọ́n mọ́ pé èwo ni wọ́n fẹ́, fóònù tàbí kíláàsì. Ohun tí mo ń bi kálukú ni pé: ta ló máa ń gbọ́ ọ bí o bá ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí ni ẹni náà sì ń fún ọ padà? Ìyá Ìbejì kò tún sọ̀rọ̀ láti ilé mọ́. Bí a bá wà lórí fóònù, ó ń wá sọ́dọ̀ mi, a jọ ń lo fóònù mi. Lórí Zoom, mo yan ẹni méjì fún olùsọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọn kò gbọdọ̀ pa máìkì: iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa gbè é, "oui", "d'accord" (ó dáa), "ah bon?" (ṣé lóòótọ́?), ní ibi tó bá ti yẹ. Ariwo jẹnẹrétọ̀ wọlé, a sì fara dà á. Ìwé kò gbọdọ̀ ní ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ, yálà lórí fóònù tàbí nínú kíláàsì. Gbogbo ọ̀rọ̀ àdásọ sì ní láti kọ́kọ́ wá sí WhatsApp mi gẹ́gẹ́ bí ohùn, kí n lè sọ fún ẹni náà ní ìkọ̀kọ̀ pé ẹmu rẹ̀ ti di ebi, kí ó tó dìde níwájú ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí n ti máa ṣe èyí láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó ń gba àkókò, nǹkan bíi wákàtí méjì mi lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí ìjókòó mẹ́ta tí ọmọ náà fi dákẹ́, n kò lè pe wákàtí méjì ní púpọ̀.

Pásítọ̀ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì lórí fóònù pẹ̀lú àwọn elégbè rẹ̀ méjì. Kò tún bi wá mọ́ bóyá a ń gbọ́ òun.

Ní oṣù Kẹjọ, àwọn tó rí owó mọ́tò padà sí pálọ̀, àwọn yòókù ń wọlé láti orí fóònù tí mo gbé ka orí tábìlì. Ìyá Ìbejì sọ̀rọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, lójúkojú. Nígbà tó ní ìyá náà ti pé "quatre-vingts ans", àwọn kan láti ẹ̀yìn dáhùn pé, "Ogún mẹ́rin!" Nítorí ohun tí Faransé ń sọ níbẹ̀ gan-an nìyẹn, ogún lọ́nà mẹ́rin, bí ọgọ́rin tiwa náà ṣe jẹ́ ogún mẹ́rin. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ohùn rẹ̀ sì gòkè. Ó sọ ju ìṣẹ́jú méjì lọ, n kò dá a dúró.

Ọmọ Búnú ló kàn. N kò yan ọ̀rọ̀ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ tún ti bàbá òun sọ. Ó ti kọ́kọ́ sọ fún mi pé bí ó bá jẹ́ pé òun lòun ń yàn, inú yàrá òun lòun ì bá ti sọ ọ́, títí di òní. Ó dìde. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ibi ọ̀rọ̀ náà, mo rí i tí gbogbo pálọ̀ dákẹ́, nítorí kò sí ẹni tó gbàgbé. Ó fi eyín lé ètè. "Du vin de palme," ó wí. Ẹmu ni. Ó ń bá a lọ, ó sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń gùn, bó ṣe ń gbé e sọ̀ kalẹ̀, ohun tí wọ́n ń bu ú sí fún àlejò. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wo òkè àjà. Ó wo ilẹ̀.

"Ah bon?" Ìyá Ìbejì wí.

"Oui," ó dá a lóhùn, "oui, dans un... igbá. Un grand igbá." Ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ títí ó fi parí.

N kò tún igbá náà ṣe. Mo fún un ní 17 nínú 25.